Ọjọ́ tí Ìmọ́lẹ̀ Gbọ́ Pé Ebi Ń Pa Mí

Iná náà tàn. Àwọ̀ ewé ló tàn, kì í ṣe pupa, mo sì dì mọ́ òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó tún tàn. Mo ní kí n dán an wò, mo dákẹ́, kò tàn. Mo sọ̀rọ̀, ó tàn. Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ń fò sókè sódò nínú gbọ̀ngán ilé iṣẹ́ tó tóbi ju pápá ilé ìwé wa lọ, èmi nìkan, akoto oníke tí wọ́n dé fún mi ń já bò mí lójú, mo sì ń sọ ohun kan náà ṣáá bí ẹni tí nǹkan ń ṣe: "Ebi ń pa mí o. Ebi ń pa mí o." Bí ẹnì kan bá yọjú sí mi lákòókò yẹn, á ní orí ọmọ yìí ti dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Bí mo bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu mi máa ń sáré ju ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama ni, mo wà nílé ní Ajah, mo ń sùn, mo ń jí. Bàbá mi ń lẹ táyà nítòsí gáréèjì, ìyá mi ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà. Lásìkò yẹn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì lọ́nà Abraham Adésànyà, tí wọ́n ń ri okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa di agboòrùn mú, mo sì lọ. Mo rò pé ọ̀gá wọn ni oòrùn ń pa. Kì í ṣe ọ̀gá. Okùn ni wọ́n ń ṣíji bò. Nínú okùn dúdú tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń fà lójú títì yẹn, gíláàsì ló wà níbẹ̀, gíláàsì tó tínrín bí irun orí, inú ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá fẹ́ so ọ̀kan mọ́ èkejì, eruku kékeré báyìí, wàhálà ni. Òógùn tó bá kán sí i, wàhálà ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń di agboòrùn mú, tí apá ń ro mí, tí mo sì ń yọ ọrùn wò wọ́n.

Obìnrin ló jẹ́ olórí àwọn tó ń so okùn náà. Àǹtí Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti mú okùn yẹn lọ́wọ́, ẹ máa rò pé ọmọ ìkókó ló gbé. Ó máa ń wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́jọ́ kìíní mi níbẹ̀, mo mú ẹnu okùn kan, mo gbé e sójú kí n lè rí ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ pàá.

"Ṣé o fẹ́ fọ́ lójú ni? Ojú ò lè rí èyí tó wà níbẹ̀, àmọ́ òun lè ba ojú jẹ́."

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lálẹ́, mo rò pé á yà á lẹ́nu. Ó ń fi ọṣẹ fọ dúdú táyà kúrò lọ́wọ́. Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ tí a ò rí. Kì í se ọbẹ̀, kì í ṣáàjì fóònù. Ọmọ mi, iná wo wá nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ti wọlé, á ní, "Ìyá Oníná-àìrí, ẹ káàbọ̀." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tó yá, Àǹtí Ẹnjiníà fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀ ní Abraham Adésànyà, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo béèrè pé ṣé agboòrùn náà ni. Ó ní rárá, inú ilé la wà. Kí ni mo máa wá ṣe? Ó ní, "Wá máa wò ná." Mo wá ń wò. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fi òwú àti spírítì nu okùn, mo ń to irinṣẹ́, mo sì ń béèrè ìbéèrè títí á fi ní kí n jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyí. Ó ní àwọn okùn gíláàsì kan tí wọ́n bá a wọ aṣọ fún ní yunifásítì kan tó ní ẹ̀rọ ẹ̀. Aṣọ ni òun fúnra ẹ̀ ń pè é. Mo ní, "Àǹtí, aṣọ wo ni okùn ń wọ̀?"

"Aṣọ tó ń mí," ó ní. "Tí o bá fi mànàmáná díẹ̀ kàn án, irú iná tó ń gba inú wáyà, á nà. Tí o bá yọ ọ́, á sún kì. Tó bá sì ń nà tó ń sún kì báyẹn, á máa fún gíláàsì tó wà nínú ẹ̀."

"Bíi yúnífọ́ọ̀mù mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn?"

Ó wò mí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ yẹn ní orúkọ gígùn kan, àmọ́ Àǹtí ní ìyẹ̀fun kan tó bá a tan ni wọ́n ń pò mọ́ ìpara funfun tí wọ́n ń fi pa ìdí ọmọ tó bá bó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo wo ìpara tó wà nílé lórí pẹpẹ, mo ní ìwọ náà nìyí.

Kí wá ni ìwúlò aṣọ tó ń fún ìmọ́lẹ̀? Ó ṣe àlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò yé mi. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo mi orí bí ẹni tó ti yé. Ìgbà tó wá fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ ló yé mi. Ó ní ìyá kan rán ọmọ méjì níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan gba ọ̀nà tó dúró sójú kan. Èkejì gba ọ̀nà tó ń fà, tó ń sún kì. Tí wọ́n bá padà pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ìyá wọn á mọ èyí tó pẹ́ àti èyí tó yá. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni àwọn ọmọ yẹn. Tí mo bá sọ̀rọ̀ sínú máíìkì, ohùn mi á di mànàmáná, mànàmáná á kan aṣọ okùn, aṣọ á fún gíláàsì bí ohùn mi ṣe ń lọ sókè sódò, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ á sì máa pẹ́, á máa yá. Lódì kejì, àpótí kan á ka pípẹ́ àti yíyá yẹn, á sọ ọ́ di ohùn padà. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ á gbé ohùn mi lọ bí ọmọ tí a bu omi fún pé kó gbé e lọ fún àlejò. Mo sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ tó yé mi. Mi ò mọ ìdí. Àǹtí rò pé spírítì ló ta sí mi lójú.

Nílé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti ń wò mí. Ó ní òun ò rí ọjọ́ tí iṣẹ́ wíwò máa di iṣẹ́. Àǹtí mi kan, àbúrò bàbá mi lóbìnrin, ń ránṣọ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé mi wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Bàbá mi ti bá a sọ̀rọ̀ tán kó tó bá mi sọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ aránṣọ ò dáa o. Èmi ni mi ò dáa fún un. Mo rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi rí, mo rán iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó sì gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ lọ mọ́ṣáláṣí. Mo rán an létí. Ó ní ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí n lọ kọ́ ọ.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tó lè dá mi dúró. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Fírí Sóònù, lápá Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, tí wọn ò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì dé ìdí ẹ̀rọ tó wà ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngán. Àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn máa ń da wáyà láàmú, gbogbo ohùn á di ṣàà. Àǹtí lọ bá ọ̀gá wọn, ó ní ìmọ́lẹ̀ ò bẹ̀rù ẹ̀rọ, òun lè fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn wọn. Ọ̀gá náà jẹ́ àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ẹ wá fi hàn mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ fún ìrun. Tí kò bá ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ Mọ́ńdè àwọn mìíràn ń bọ̀." Àǹtí sọ fún mi nínú mọ́tò pé tí kò bá lọ, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á padà sẹ́nu iṣẹ́ òun àtijọ́, ní ẹ̀ka wọn tó wà ní Àbújá, wọ́n ti ń pe òun. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èmi. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni.

Bí a ṣe débẹ̀, ó so okùn tó wọ aṣọ mọ́ okùn gíláàsì tó ti wà nílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngán dé ọ́fíìsì wọn, ó gbé máíìkì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Máa ka wọ́ọ̀n, tú, tirí. Má sọ nǹkan mìíràn." Iná méjì wà lára ògiri níbẹ̀ tí wọ́n máa ń tàn láti ọ́fíìsì. Tí wọ́n bá gbọ́ mi, wọ́n á tan àwọ̀ ewé. Tí wọn ò bá gbọ́, pupa. Ó wá lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ sí ìdí àwọn irin tó ti dákẹ́.

Mo ní wọ́ọ̀n, tú, tirí. Pupa. Mo gbé ohùn sókè. Pupa. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo fi ahọ́n gé e wẹ́wẹ́ bí tíṣà gẹ̀ẹ́sì wa. Pupa. Mo kà á títí ó fi dà bíi pé kì í ṣe òǹkà mọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá pe orúkọ ara ẹ̀ jù tó wá ń ṣe é bí orúkọ ẹlòmíràn. Iná ń tàn, pupa ni, pupa ni. Mo ti rí ara mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti rí àwọn aṣọ oníbàárà tí mo máa rán iwájú wọn mọ́ ẹ̀yìn.

Mi ò sì tíì jẹun láti àárọ̀, ọkàn mi ò gba oúnjẹ. Ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún mi pé ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, nítorí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn mo gbàgbé pé máíìkì ni mo mú lọ́wọ́. Mo kàn fi ṣe ọ̀rẹ́, mo mí kanlẹ̀, mo sọ fún un pé: "Ebi ń pa mí o."

Ewé.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún yín, tí mo ń fò, tí mo dì mọ́ òpó. Ibẹ̀ náà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì kọ́wọ́, ó ń yára rìn, Àǹtí ń sáré tẹ̀ lé e.

"Ta ni ebi ń pa níbí?"

Mo kúnlẹ̀ gbì. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. "Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Mo ka tirí náà dáadáa."

"Dìde jàre, gba búrẹ́dì." Ó yíjú sí Àǹtí. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹ ní kí n gbọ́ òyìnbó, hùn-ùn hùn-ùn ni mò ń gbọ́. Ìgbà tó ṣe ni mo gbọ́ ọmọ èèyàn tó ń sunkún oúnjẹ."

Àǹtí ń mí hẹlẹ. "Sà, ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an?"

"Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Orin ẹ̀ ni mo gbọ́. Hun-hun-hún-hun-hún-hun. Ìyàwó mi, tó bá ń rún pákò láàárọ̀, kì í yọ ọ́ lẹ́nu kó tó pàṣẹ. Á ní hun-hun-hún, èmi á sì mọ̀ pé ó ní kí n bomi wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bomi. Ṣé ọmọ kékeré yìí ló máa wá ṣòro fún mi?"

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ símẹ́ǹtì, pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mo kàn ń jẹ búrẹ́dì. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló sọ fún wa. Ó ti rò pé aṣọ okùn náà ti ya, pé ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́ wa rárá, ó ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ lọ́kàn ara ẹ̀. Àmọ́ tí ohùn mi bá lè lọ sókè sódò títí dé ọ̀dọ̀ wọn, a jẹ́ pé aṣọ ń mí, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbọ́. Apá tínrín ohùn nìkan ló ń sọnù lọ́nà. Ó wá rántí pé òun ti fi ohun kan bí asẹ́ sínú àpótí lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó lè sẹ́ ariwo ẹ̀rọ wọn dànù. Asẹ́ náà ti dí jù. Ó ń sẹ́ ariwo, ó sì ń sẹ́ gbogbo ìró tínrín tó ń fẹ́ jáde láàárín eyín, tí òyìnbó fi ń sọ̀rọ̀. "Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ òyìnbó, kò ku nǹkan," ó ní. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ Yorùbá, ó ṣì ku ohùn tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀." Ká ní ó ní kí n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta ni, bóyá à bá ti lọ sílé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni, ó sì jọ pé gbogbo wa gbà pé òyìnbó ló yẹ ká fi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń fi imú sọ ọ́.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ṣí àpótí, ó tú asẹ́ náà díẹ̀. Mo padà sídìí máíìkì pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Wọ́ọ̀n, ewé. Tú, ewé. Tirí, ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ìrun dé, wọ́n tan ẹ̀rọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Mo sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ewé.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀gá ní kí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ yìí ńkọ́? Kí ni tiẹ̀?"

Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi Àǹtí bẹ́ẹ̀, á ní, "Ó ń bá mi di nǹkan mú ni." Mo tẹ́tí. Ó ń ká wáyà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Òṣìṣẹ́ mi ni, sà. Òun àtèmi la jọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́la ni mo máa fi í sídìí okùn."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo ro ẹjọ́ yẹn fún bàbá mi láìmí, mo tò ó láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìyá mi ní kí n jókòó kí n má baà ṣubú. Bàbá mi gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Iná gbọ́ pé ebi ń pa ọmọ mi, kò fún un lóúnjẹ."

"Ó fún mi ní búrẹ́dì, Bàbá."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó ń wá ohun tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí i. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ìwọ lo máa sọ fún àǹtí ẹ ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ò sí níbẹ̀."

Lónìí, mò ń so okùn fúnra mi. Mo sì ti rí àwọn okùn tó wọ aṣọ tó dáa ju ti ìgbà yẹn lọ dáadáa. Nígbà mìíràn tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń rò ó pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá mi ní kí n má wulẹ̀ rò ó, pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohun kékeré tó gba ayé èèyàn kọjá. Inú mi kàn máa ń dùn ni, ìdùnnú tó rọra ń wà nílẹ̀, tí kò pariwo.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ búrẹ́dì yẹn, ojú mi ti là kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo mú fóònù, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo pe àǹtí mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí mọ́. Mo ti níṣẹ́."

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Mo sì ti nu ẹ̀rọ sílẹ̀ dè ọ́. Ó dáa náà. Kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún ẹ."

"Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹ tó gbé e, mà."

Ó gbàdúrà gígùn, mo ń ṣe àmín, mo ń ṣe àmín, títí orúnkún fi ń ro mí. Nígbà tó parí, mo dìde, mo gbọn iyanrìn dànù, mo sì gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ.